Ohùn Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ Inú Ara: Bí Ẹ̀rọ MRI Ṣe Kọ́ Láti Rí Ohun Tí Jẹjẹrẹ Ń Fi Ṣúgà Ṣe

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Bí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pa á mọ́ di àṣálẹ́. Bí ẹ bá sì ráyè nísinsìnyí, ẹ fara balẹ̀ kà á tán, nítorí ọ̀rọ̀ tó kan bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Bí dókítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún aláìsàn ní oògùn jẹjẹrẹ lónìí, ìgbà wo ni yóò mọ̀ bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri ayé, ó di lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ìdí ni pé wọ́n ní láti dúró kí kókó náà sún kì kí wọ́n tó lè wọ̀n ọ́n. Bí oògùn náà kò bá wá ran aláìsàn náà ńkọ́? Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ti ṣòfò nìyẹn. Irun ti re, èébì ti tán an lókun, owó ti lọ, àìsàn náà sì ń rìn lọ ní tirẹ̀.

Ìtàn àwọn tó fẹ́ kí ìdúró yẹn kúrú la fẹ́ sọ lónìí. Láti ìgbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ mú èrò náà wá ní 1953, títí di ìgbà tí ìròyìn rẹ̀ lára àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ jáde ní 2013, 60 ọdún gbáko ni.

*ÀWỌN ÒKÒTÓ KÉKERÉ INÚ ARA*

Ẹ rántí òkòtó tí àwọn ọmọdé máa ń ta. Bó bá ń yí, á dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Nínú omi àti ọ̀rá ara wa, àárín átọ́ọ̀mù háídrójìn kọ̀ọ̀kan dà bí irú òkòtó bẹ́ẹ̀, ó sì tún jẹ́ òòfà kékeré. Bí wọ́n bá gbé ènìyàn sínú òòfà ńlá, àwọn òkòtó yìí á tò. Àwọn kan á kọjú sí ibi tí òòfà ńlá náà kọjú sí, àwọn yòókù á kọjú sí òdìkejì. Bí wọ́n bá wá fi ìgbì rédíò pè wọ́n, wọ́n á dáhùn. Ìdáhùn yẹn ni ẹ̀rọ MRI ń gbọ́, òun ló sì fi ń ya àwòrán. Kò sí X-ray nínú rẹ̀ rárá.

Isidor Rabi ló kọ́kọ́ rí irú ìdáhùn yìí nílùú New York ní 1938. Ní 1946, Edward Purcell ní Harvard àti Felix Bloch ní Stanford, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, rí i nínú nǹkan líle àti nínú omi. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fi dá wọn lọ́lá ní 1952. Nígbà tó di 1973, Paul Lauterbur fi hàn pé èèyàn lè fi ìdáhùn yìí ya àwòrán. Peter Mansfield ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá wá ọ̀nà tí àwòrán náà fi lè yá. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wọ ilé ìwòsàn, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ “nuclear” kúrò nínú orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń mú kí àwọn aláìsàn ronú kan bọ́ǹbù. Bó ṣe di MRI tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn.

Àbùkù kan wà lára ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ohùn tó ń gbọ́ kéré jọjọ.

Ẹ fojú inú wo ibi tí mílíọ̀nù kan èèyàn ti ń fa okùn. Àwọn kan wà lọ́tùn-ún, àwọn kan wà lósì. Ká ní 500,005 wà lápá kan, 499,995 wà lápá kejì. Agbára àwọn tó kù á pa ara wọn rẹ́. Àwọn mẹ́wàá tó lé yẹn nìkan ló ń fa okùn náà. Bí ọ̀rọ̀ háídrójìn ṣe rí nìyẹn nínú ẹ̀rọ MRI tó lágbára tesla 3, tó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Nínú mílíọ̀nù kan, mẹ́wàá péré ló ń ṣiṣẹ́ fún wa. Kí ló wá jẹ́ ká máa rí àwòrán? Omi ló pọ̀ lára wa. Bí ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan bá tilẹ̀ kéré, ogunlọ́gọ̀ ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n omi kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ká rí ibi tí kókó wà àti bó ṣe tóbi tó, kò lè sọ ohun tí kókó náà ń jẹ. Láti mọ ìyẹn, a ní láti gbọ́ ohùn àwọn èròjà tí ara ń jó fún agbára. Káábọ̀nù ni ìpìlẹ̀ wọn. Ìṣòro sì wà lára káábọ̀nù ní ìpele mẹ́ta. Àkọ́kọ́, nínú 100 átọ́ọ̀mù káábọ̀nù, nǹkan bí ẹyọ kan péré ló ní òòfà lára, òun ni wọ́n ń pè ní káábọ̀nù-13. Èkejì, òòfà rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin ti háídrójìn lọ: nínú mílíọ̀nù kan, méjì tàbí mẹ́ta péré ló máa lé. Ẹ̀kẹta, àwọn èròjà náà kò pọ̀ nínú ara bí omi. Èèyàn mẹ́ta ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín ọjà Bódìjà lọ́jọ́ ọjà, a sì fẹ́ dúró sí Mọ́kọ́lá ká máa gbọ́ wọn.

*KÍ LÓ DÉ TÍ A FẸ́ MỌ OHUN TÍ JẸJẸRẸ Ń JẸ?*

Ní àwọn ọdún 1920 sí 1930, ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Otto Warburg ń wo bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣe ń lo ṣúgà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí sẹ́ẹ̀lì tó yá ṣe ń ṣe é. Bí ṣúgà bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, á fọ́ sí wẹ́wẹ́ di èròjà kan tó ń jẹ́ pyruvate. Pyruvate yìí wá dà bí ẹni tó dé oríta. Bí ọ́síjìn bá wà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń jó o pátápátá, agbára púpọ̀ á sì jáde. Bí ọ́síjìn kò bá tó, bí ìgbà tí ẹ bá sáré lé mọ́tò tí iṣan ẹsẹ̀ ń ta yín, á gba ọ̀nà kejì, á di lactate.

Ohun tí Warburg rí ni pé jẹjẹrẹ a máa sọ ṣúgà di lactate rẹpẹtẹ, kódà níbi tí ọ́síjìn wà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1931. Èrò rẹ̀ ni pé ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń jó oúnjẹ ló bàjẹ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, ibẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó fojú rí kò yẹ̀: lactate máa ń pọ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ bá wà.

*Ẹ dúró díẹ̀ níbí o.* Ẹ̀ẹ̀kan sí i la máa ń rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé bí èèyàn bá ti jáwọ́ nínú ṣúgà, ebi á pa jẹjẹrẹ kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ń lo ṣúgà, ọpọlọ yín ló tilẹ̀ ń lò ó jù. Bí ẹ kò bá jẹ ẹ́, ẹ̀dọ̀ yín á ṣe é fúnra rẹ̀. Ó dára kí a dín ṣúgà kù nítorí àtọ̀gbẹ àti ìsanrajù, ṣùgbọ́n aláìsàn jẹjẹrẹ tó ń febi pa ara rẹ̀, ara ara rẹ̀ ló ń pa, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìmọ̀ Warburg wúlò láti fi *rí* jẹjẹrẹ. Ebi kò wo ó.

Ẹ̀rọ kan ti wà tó ń lo ìmọ̀ yìí, PET lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á fún èèyàn ní ṣúgà tó ní ìtànṣán olóró díẹ̀ lára, wọ́n á sì wo ibi tó kó jọ sí. Ó wúlò gan-an. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan ló ń wò. Ó mọ ilé tó ra ẹrù wọlé, kò mọ ohun tí wọ́n fi ẹrù náà ṣe nínú yàrá.

*Ọ̀DỌ́MỌKÙNRIN TÍ ÀWỌN ÀGBÀ KÒ GBÀ GBỌ́*

Ọdún 1953 la wà báyìí, ní Yunifásítì Illinois, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún 28, Albert Overhauser, jókòó ti ìṣirò kan. Ohun tó ń rò nìyí. Nínú átọ́ọ̀mù, yàtọ̀ sí àárín rẹ̀, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà tó ń yí i ká. Òòfà ara ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lágbára ju ti àárín háídrójìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 600. Nítorí náà, ó rọrùn kí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tò dáadáa ju àwọn òkòtó wa lọ. Overhauser ní bí èèyàn bá fi ìgbì tó yẹ rú àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà, wọ́n á fi ètò wọn lé àwọn òkòtó lọ́wọ́. Bí olówó bá ń gbé láàárín àwọn tálákà, tó sì ń nawọ́, gbogbo àdúgbò á jẹ níbẹ̀.

Ó lọ sọ ọ́ níwájú àwọn onímọ̀ físíìsì nínú ìpàdé wọn ní Washington lọ́dún náà. Àwọn àgbà tó ní ìmọ̀ náà, Rabi, Bloch àti Purcell wà lára wọn, kò gbà á gbọ́. Lójú wọn, ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni tó ní kí omi gòkè fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Illinois níbẹ̀, Charles Slichter àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Tom Carver kò bá wọn jiyàn lẹ́nu lásán. Wọ́n mú irin lithium, wọ́n gbé e sínú òòfà, wọ́n fi ìgbì rú u, wọ́n sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohùn àwọn òkòtó náà ròkè. Overhauser ló jàre.

Lẹ́yìn ìyẹn, Anatole Abragam ní Faransé àti àwọn mìíràn sọ ọgbọ́n náà di ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú nǹkan tó dì bíi yìnyín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń ṣèwádìí ohun tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ ló ń lò ó. Kò sí dókítà kankan tó bá wọn dá sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ní láti tutù rékọjá àlà kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ta ló máa gún aláìsàn ní yìnyín?

*YÌNYÍN TÓ DI ABẸ́RẸ́*

Ní ìlú Malmö, ní Sweden, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Amersham Health ní ẹgbẹ́ olùwádìí kan. Jan Henrik Ardenkjær-Larsen àti Klaes Golman wà lára wọn. Ní 2003, wọ́n gbé ìwé jáde tó yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n mú èròjà tí wọ́n fi káábọ̀nù-13 ṣe, wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ kẹ́míkà kan tó ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dá wà. Wọ́n gbé e sínú òòfà, wọ́n sì mú un tutù dé nǹkan bíi 272 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fìríìsà ilé wa kò ju nǹkan bíi 18 lábẹ́ òdo. Ó kù díẹ̀ kí ó dé 273, níbi tí òtútù ti parí láyé àti lọ́run. Nínú òtútù yẹn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Wọ́n wá fi ìgbì tó jọ ti máíkíróweefù inú ilé ìdáná rú u fún ìgbà pípẹ́, ètò náà sì ràn dé ara káábọ̀nù.

Títí dé ibẹ̀, ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ohun tuntun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tú omi gbígbóná lé yìnyín náà lórí lójijì, nínú òòfà níbẹ̀. Ó yọ́ kíá, kí àwọn òkòtó tó ráyè dàrú. Omi ló jáde, ètò náà sì ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ rántí àwọn tó ń fa okùn. Tẹ́lẹ̀, nínú mílíọ̀nù kan, méjì tàbí mẹ́ta ló lé. Nínú ìwé 2003 yẹn, àwọn 37 nínú 100 ló lé: ká ní 685,000 ń fà á sápá kan, 315,000 sápá kejì. Okùn ti já nìyẹn! Ohùn náà fi ìlọ́po tó ju 10,000 ròkè.

*OMI TÍ KÒ ṢEÉ TỌ́JÚ*

Ṣùgbọ́n òkòtó kì í yí títí láé. Bí pyruvate náà bá ti di omi, láàárín bí ìṣẹ́jú kan, púpọ̀ nínú ètò náà ti lọ. Nínú ara, ó tún yára jù bẹ́ẹ̀. Bí ìṣẹ́jú bíi mélòó kan bá kọjá, ó ti padà di pyruvate lásán. Ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Yóò gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ láti pèsè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sẹ́ ẹ kúrò lára kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò gbóná jù, bóyá kò kan jù, wọ́n á gbé e sáré dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tó ti wà nínú ẹ̀rọ, wọ́n á gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì ya àwòrán. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí. Ṣe ni ó dà bí àkàrà: orí iná ló ti dùn.

Kí ló dé tí wọ́n fi yan pyruvate? Ẹ ti mọ̀ ọ́n: òun ni ó wà ní oríta. Bí wọ́n bá gún un, ara á gbà á wọlé kíá. Níbi tí jẹjẹrẹ bá ti ń jayé, ó di lactate. Ohùn lactate yàtọ̀ sí ohùn pyruvate létí ẹ̀rọ náà, bí ohùn gángan ṣe yàtọ̀ sí ti ìyá-ìlù. Nítorí náà, ẹ̀rọ lè ka iye tó ti yí padà, ní ibi kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ìtànṣán olóró nínú rẹ̀, pyruvate fúnra rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ara.

*LÁTI ARA EKU DÉ ARA ÈNÌYÀN*

Ní 2006, Golman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lára ẹranko pé àwọn lè rí bí pyruvate ṣe ń di lactate lójú ẹsẹ̀.

Ní 2007, ẹgbẹ́ Kevin Brindle ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú wa padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún eku tó ní jẹjẹrẹ ní oògùn. Láàárín ọjọ́ kan, ohùn lactate ti lọ sílẹ̀. Kókó náà kò tíì ráyè sún kì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti mọ̀ pé oògùn ń jà. Ẹ fi ọjọ́ kan wé oṣù méjì, ẹ ó rí ìdí tí àwọn dókítà fi dìde jókòó.

Ní 2008, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California tó wà ní San Francisco rí i lára eku tó ní jẹjẹrẹ próstéètì pé bí àìsàn náà bá ṣe le tó ni lactate ń pọ̀ tó. Próstéètì ni ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí jẹjẹrẹ próstéètì kì í ṣe irú kan. Òmíràn ń rìn bí ìgbín. Èèyàn lè bá a gbé ogún ọdún kí ohun mìíràn tó pa á. Òmíràn sì ń sáré bí iná ọyẹ́. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ìgbín, ó lè máa tọ̀ sára, ó lè má lè bá ìyàwó rẹ̀ sùn mọ́, láìnídìí. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ iná ọyẹ́ lọ máa sinmi, ikú ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Mímọ ìyàtọ̀ ni gbogbo iṣẹ́.

Ní 2013, àwọn ará San Francisco yìí, Sarah Nelson, Daniel Vigneron, John Kurhanewicz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde nípa ènìyàn. Ọkùnrin 31 tó ní jẹjẹrẹ próstéètì ló yọ̀ǹda ara wọn. Abẹ́rẹ́ náà kò pa wọ́n lára, lactate sì yọ níbi tí àyẹ̀wò ẹran ara ti fi hàn pé jẹjẹrẹ wà. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún àwọn ọkùnrin 31 yẹn. Wọn kò ṣe é nítorí pé yóò wo àwọn sàn. Torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà ti ń là. Ní 2016, ẹgbẹ́ Charles Cunningham ní Toronto, ní Kánádà, sọ bí wọ́n ṣe fi wo ọkàn ènìyàn, bó ṣe ń jó oúnjẹ bó ti ń lù. Ní 2020, àwọn ará Cambridge gbé ìròyìn ti jẹjẹrẹ ọmú obìnrin jáde.

*GÁÀSÌ TÓ LỌ SIWÁJÚ, ÀTI Ọ̀NÀ OLÓWÓ PỌ́Ọ́KÚ*

Ìbátan ìmọ̀ yìí kan wà tó ti dé ilé ìwòsàn ṣáájú. Ní 1994, àwọn olùwádìí l'Amẹ́ríkà fi iná lésà to gáàsì xenon, wọ́n sì fi ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró eku. Nínú ẹ̀rọ MRI lásán, ẹ̀dọ̀fóró máa ń ṣókùnkùn, nítorí afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, omi kò pọ̀ níbẹ̀. Bí èèyàn bá fa xenon yìí símú, ibi tí afẹ́fẹ́ ń dé á mọ́lẹ̀, ibi tí kò dé á dúdú. Ní oṣù Kejìlá 2022, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tó ti pé ọdún 12 sókè.

Ọ̀nà kejì ni èyí tó yẹ kó wu àwa tí owó wa kò pọ̀. Ní 2009, ẹgbẹ́ Simon Duckett ní Yunifásítì York, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo irú gáàsì háídrójìn kan tí àwọn òkòtó méjì inú rẹ̀ ti bára mu. Wọ́n fẹ́ ẹ gba inú omi tó ní kẹ́míkà tí wọ́n fi irin iridium ṣe, ètò rẹ̀ sì ràn dé ara èròjà tó wà nínú omi náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kò nílò òtútù 272 yẹn. Iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀, pàápàá bí wọ́n ṣe máa yọ irin náà kúrò kí omi náà tó dé ara èèyàn.

*BÁWO LÓ ṢE KÀN WÁ?*

Ó kàn wá lọ́nà méjì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́: àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni jẹjẹrẹ próstéètì ń mú jù, ó sì máa ń tètè mú wọn ju àwọn yòókù lọ. Èyí kan ará ilé àti ará òkè òkun, ní Èkó, ní London, ní Houston. Ìmọ̀ tó bá lè ya ìgbín sọ́tọ̀ kúrò lára iná ọyẹ́, tiwa gan-an ni.

Ọ̀nà kejì: ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi hàn pé òòfà púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ MRI Nàìjíríà kò lágbára. Tẹ́lẹ̀, bí òòfà kò bá lágbára, ohùn kò ní ròkè. Ṣùgbọ́n nínú ọgbọ́n tuntun yìí, ibòmíràn ni wọ́n ti to àwọn òkòtó kí wọ́n tó gbé wọn dé, kì í ṣe inú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán. Ẹ̀rọ kékeré lè gbọ́ ohùn ńlá. Bí ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú yẹn bá yọrí, ó lè dé ọ̀dọ̀ wa yá ju bí a ṣe rò lọ. Ohun tó kù ni kí àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣègùn wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é.

*Ẹ ṢỌ́RA, Ẹ SÌ ṢE OHUN TÓ YẸ*

👉 Lórí jẹjẹrẹ, ẹnu ìwádìí ni abẹ́rẹ́ pyruvate yìí ṣì wà. Kì í ṣe àyẹ̀wò tí èèyàn kàn ń lọ ṣe ní ọsibítù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní “MRI tó ń rí jẹjẹrẹ lójú ẹsẹ̀” tó sì ní kí ẹ sanwó, ẹ bi í léèrè ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i.

👉 Bí wọ́n bá ń ta pyruvate inú ìgò tàbí oníhóró fún yín pé ó ń wá jẹjẹrẹ rí, irọ́ ni. Ẹ ti kà á lókè: agbára rẹ̀ kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tó bá ti wọ inú ìgò ti kú kó tó dé ọjà.

👉 Ẹ má bẹ̀rù MRI bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín. Ariwo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì fún yín ní ohun tí ẹ ó fi di etí. Ṣùgbọ́n bí irin bá wà lára yín, bí ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, ẹ̀rọ inú etí, irin tí wọ́n fi de egungun, tàbí ẹ̀rún irin tó wọ ojú rí lẹ́nu iṣẹ́ wẹ́dà, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọlé. Ẹ má fi pamọ́.

👉 Ẹ̀yin bàbá, láti nǹkan bí ọdún 45, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA. Bí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní jẹjẹrẹ próstéètì rí, ẹ tètè lọ ju bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí ìtọ̀ bá ń kán tó-tó-tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lè má fi àmì kankan hàn.

👉 Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ lọ́wọ́, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi dókítà yín pé: “Ìgbà wo la máa mọ̀ bóyá oògùn yìí ń ṣiṣẹ́? Kí la máa fi mọ̀ ọ́n?” Ìbéèrè náà kò ní àrífín nínú. Òun ni ìbéèrè tí gbogbo àwọn èèyàn inú ìtàn yìí ń wá ìdáhùn sí.

Ní 1953, àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ohun tí Overhauser sọ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lónìí, orí rẹ̀ ni àwọn olùwádìí dúró lé tí wọ́n fi ń wo inú ara aláìsàn tó dùbúlẹ̀ ní Cambridge, ní Toronto àti ní San Francisco. Kékeré ni ohùn náà, àwọn tó fetí sí i kò sì jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá yín, sí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin, àti sí ẹni tó wà lẹ́nu ìtọ́jú. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ mú un lọ bá dókítà tó mọ ara yín. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí ara wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. 🙏🏾